Èsì: Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé omi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ béèrè ibi tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún igi àti pápá nínú ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ gé sí púlọ́ọ̀tì n'Íbàdàn. Ẹ má tíì pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀, ẹ wọ réènbúùtù, kí ẹ tẹ̀lé omi. Ibi tó bá ń gbà kọjá gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Omíyalé odò Ògùnpa n'Íbàdàn ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ṣẹ̀yìn ilé àti pàǹtí tó há odò náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta etí odò, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ọparun ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú.

Ní ilé tiwa, kọnkéré ni wọ́n dà bo gbogbo àgbàlá. Òjò kékeré báyìí, omi ti dé páálọ̀. A fọ́ ìdajì kọnkéré náà, a gbin koríko, omi sì ń wọlẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ọdán fún ibòòji, àárín pápá ni o, kó jìnnà sí ògiri.