Òdòdó Tí Àwọn Ẹlẹ́wé Ọmọ Ò Mọ̀ Ní Ẹ̀pẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rí òdòdó yẹ́lò kan, ó jọ ti yánrin àmọ́ ewé ẹ̀ nírun. Mo mú un lọ fáwọn ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ní bóyá ẹnikẹ́ni ò tíì rí i rí láyé. Ṣé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ní March 2024, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọgbà ìjọba Big Bend, ní Texas l'Amẹ́ríkà, rí ewéko kékeré kan tí irun funfun bò bí òwú, wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, ìgbà táwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí dórí DNA ni wọ́n rí i pé ìran ẹ̀ gan-an ò tíì sí nínú ìwé kankan. Ní 2025 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Ovicula biradiata. Ovicula, àgùntàn kékeré nìyẹn, torí irun ara ẹ̀.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ já òdòdó yín kan, kẹ́ ẹ fi èékánná là á sí méjì. Tó bá jẹ́ ẹbí yánrin lóòótọ́, ẹ máa rí i pé kì í ṣe òdòdó kan, òdòdó wẹẹrẹ púpọ̀ ló kóra jọ sórí ìdí kan. Bí ewúro, wọ̀rọ̀wọ́ àti imí-eṣú ṣe rí náà nìyẹn. Ẹbí yẹn ju 23,000 irú lọ, torí náà ó ṣeé ṣe kó ti lórúkọ níbòmíì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tu tán! Ẹ mú ẹyọ kan pẹ̀lú gbòǹgbò àti òdòdó, tó bá pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ. Ẹ gbé e lọ sí Yunifásítì Èkó l'Ákọkà, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí, wọ́n á fi wé tiwọn. Tó bá yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, onímọ̀ á kọ bó ṣe rí jáde ní Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì (láti 1935 títí dé òpin 2011, Látìn nìkan ni òfin gbà), á sì mú ewé gbígbẹ kan pàtó tí orúkọ náà máa rọ̀ mọ́ títí láé, ó lè jẹ́ tiyín yẹn gan-an.

Kó tó gbẹ, ẹ kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti àwọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, torí àwọ̀ máa ń ṣá. Kẹ́ ẹ sì yí ewé ẹ̀ padà wò, ṣé ẹ̀yìn ẹ̀ náà nírun?