Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá di àmì ìbéèrè nínú ímeèlì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìwé ìpè ìpàdé tí ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún fún àmì ìbéèrè nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá server wọn (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi í ránṣẹ́) ni kò gba Yorùbá. Ẹ má tíì dá server lẹ́bi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀. Server kì í bìkítà lẹ́tà wo ló wà nínú ímeèlì; bí awakọ̀ ló rí, ẹrù tí wọ́n bá dì fún un ló máa gbé. Ẹ̀rọ ẹni tó fẹ́ kà á ló ń tú u. Ìlà Content-Type, tó wà lórí ímeèlì láti sọ irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ló máa wò: bí charset=UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba Yorùbá) bá wà níbẹ̀, ó mọ ohun tó máa ṣe; bí kò bá sí, á máa méfò.

Ẹ wo bí lẹ́tà ṣe bàjẹ́. Bí “ẹgbẹ́” bá di “áº¹gbáº¹Ì”, kò sí ohun tó sọnù. Báìtì mẹ́ta (nọ́ńbà kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) ni UTF-8 fi ń kọ lẹ́tà ẹ, ẹ̀rọ wá ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí lẹ́tà Windows-1252, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà àtijọ́ ti Windows. Ẹ tún charset ṣe, yóò bọ̀ sípò. Àmọ́ “?gb??” kò ní àtúnṣe. Nǹkan kan ti sọ ọ́ di Latin-1, ọ̀nà ìkọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, Latin-1 ò sì ní lẹ́tà ẹ, ọ tàbí ṣ. Ó ní à, á, è, é, ì, ìdí nìyẹn tí “ìpàdé” fi ń mórí bọ́. Àmì ìbéèrè méjì ìparí yẹn, lẹ́tà ẹ lọ́tọ̀ ni, àmì ohùn orí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Tiwa ò tíì kúrò nílé tó fi bàjẹ́. Tábìlì MySQL (ètò ìtọ́jú dátà) tí ìkànnì wa ń kó orúkọ sí, latin1 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ Fọláṣadé sínú fọ́ọ̀mù, “F?lá?adé” ló ń wọlé. A yí i sí utf8mb4, ìyẹn UTF-8 ti MySQL, àwọn orúkọ tuntun dára, ṣùgbọ́n a ní láti fi fóònù pe àwọn ti tẹ́lẹ̀ ká tún bi wọ́n. Ìyá àgbà kan ní ṣé a fẹ́ sọ òun lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Nítorí náà, ibo lẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín jáde? Bó bá jẹ́ Excel, “CSV” lásán (fáìlì tábìlì tí wọ́n fi kọ́mà pín) máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. “CSV UTF-8” ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ tẹ “Show original” nínú Gmail. Bí ẹ bá rí =E1=BA=B9, ẹ má fòyà, báìtì mẹ́ta lẹ́tà ẹ gan-an nìyẹn. SMTP ọdún 1982, ìlànà tí server fi ń gbé ímeèlì, ò mọ̀ ju àmì 128 ti ASCII (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán) lọ, MIME, ìlànà ìdì ímeèlì tó dé ní 1992, ló ń bá wa di ìyókù báyìí.

Ibi tí server ti lè kọ̀ lóòótọ́ ni àdírẹ́sì. Bí ẹ bá fi lẹ́tà ọ sí iwájú @, gbogbo server tó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ SMTPUTF8, àfikún SMTP tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú àdírẹ́sì, tó jáde ní 2012. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dá ímeèlì yín padà. Ẹ kọ àdírẹ́sì láìlámì, kí ẹ fi àmì sí orúkọ tó ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.