Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Bàálù Tó Pòórá Lójú Fóònù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin wọ bàálù láti Èkó lọ sí London. Mo ń fi áàpù orí fóònù mi wo ibi tó dé, àmọ́ bó ṣe wọ orí aṣálẹ̀ Sàhárà báyìí, bàálù náà dúró sójú kan, nígbà tó yá, n kò rí i mọ́. Àbí kò sẹ́ni tó ń rí wọn níbẹ̀ ni? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Fóònù yín ni kò gbúròó bàálù náà mọ́. Ẹ̀rọ ADS-B inú bàálù máa ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS mọ ibi tó wà, á wá máa kéde rẹ̀ lórí ìgbì 1090 MHz, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó tó ń ké ibi tí wọ́n dé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí áàpù yín ń fi hàn, éríálì kékeré tí àwọn aráàlú so mọ́ òrùlé ilé wọn ló gbọ́ ọ. Nítorí pé ayé rí roboto, éríálì orí ilẹ̀ kò lè gbọ́ bàálù tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000 bó bá ti jìnnà ju nǹkan bí 420 kìlómítà lọ. Ilé mélòó ló sì wà láàárín Agadez àti gúúsù Àlùjíríà?

Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ò gbára lé áàpù. Awakọ̀ a máa fi rédíò jábọ̀ fún wọn bó bá ti dé àwọn ibi tí wọ́n ti là sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà bàálù náà sì lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ gba orí sátẹ́láìtì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní sátẹ́láìtì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rédà. Ibo gan-an ni wọ́n bá a dé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà)

Ìdáhùn: Lórí òkun, ó ti dé ibi tó dáa. Lórí ilẹ̀, rédà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ri òpó rédà mọ́ àárín òkun, nítorí náà ilé-iṣẹ́ Aireon gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ 1090 MHz sórí àwọn sátẹ́láìtì Iridium tuntun, tí wọ́n ta sókè láti oṣù Kìíní 2017 títí di oṣù Kìíní 2019. 66 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ní nǹkan bí 780 kìlómítà sókè. Lọ́dún 2019, NAV CANADA àti NATS, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ní Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí Àtìláńtíìkì ti Àríwá. Tẹ́lẹ̀, bàálù méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn ní gíga kan náà gbọ́dọ̀ fi 40 máìlì orí omi sáàárín, ìyẹn bíi 74 kìlómítà. Ó wá ṣeé dín kù sí 14, bíi 26 kìlómítà. Awakọ̀ wá ń rí àyè bọ́ sí gíga tí kò ní jẹ epo púpọ̀, dípò kó há sábẹ́ ẹlòmíì títí wọ́n á fi kọjá òkun.

Ẹ lè ní, ṣebí máìlì 5 péré tó níbi tí rédà wà? Rírí nìkan kọ́ lọ̀rọ̀. Rédíò VHF, tí adarí fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò dé àárín òkun. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí sátẹ́láìtì ni wọ́n ń lò, èsì rẹ̀ a sì máa pẹ́ díẹ̀. Nítorí ìdádúró yẹn ni àlàfo náà kò fi lè kéré tó máìlì 5.

Wọn ò sì tíì lè tú rédà ká, torí ohun tí bàálù bá sọ nípa ara rẹ̀ ni ADS-B ń gbà gbọ́. Lágbègbè Òkun Baltic àti ìlà-oòrùn Mẹditaréníà, àwọn kan ń da GPS rú, wọ́n tiẹ̀ ń fi àmì èké tàn án, bàálù á wá máa kéde pé òun wà níbi tí kò sí. Rédà tó ń fi ìgbì lu ara bàálù kò nílò ẹ̀rí ẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra bàálù kékeré Cessna àlòkù kan tó ti ní ADS-B. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n á sì gbà á ní Kánádà? (Ọmọ Yorùbá kan, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ fò ó fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbi tí òfin ti ní kí bàálù máa lo ADS-B. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ìkànnì FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìròyìn PAPR, tó ń sọ bí ADS-B yín ṣe ṣiṣẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni, ímeèlì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá kùn ní pupa ni kí ẹ tètè wá. Ẹ tún wo máàkì mẹ́ta tó ń sọ bí ibi tí bàálù kéde ṣe péye tó, tó sì ṣeé gbára lé tó: NIC kò gbọdọ̀ dín ní 7, NACp kò gbọdọ̀ dín ní 8, SIL gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.

Ẹ̀bi tó wọ́pọ̀ nínú àlòkù ni kóòdù ICAO, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ bàálù tí ẹ̀rọ náà ń kéde. Ní Amẹ́ríkà, kóòdù yìí so mọ́ nọ́ńbà N, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ sára bàálù. Bí ẹni tó tà á fún yín bá gba nọ́ńbà rẹ̀ padà, tí ẹ gba tuntun, tí ẹnì kankan ò yí kóòdù inú ẹ̀rọ, bàálù yín á máa fi orúkọ ẹlòmíì rìn. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ FAA.

Ní ti Kánádà, ẹ ṣọ́ra. Bó bá jẹ́ ìgbì 978 MHz, tí Amẹ́ríkà tún gbà láàyè, ni ẹ̀rọ yín ń lò, kò wúlò níbẹ̀. Sátẹ́láìtì ni wọ́n ń fi gbọ́ ọ, nítorí náà 1090 ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú éríálì tó lè kéde sókè àti sísàlẹ̀. Éríálì abẹ́ ikùn nìkan, ara bàálù á bò ó mọ́ sátẹ́láìtì lójú. Òfin Kánádà tó ní kí bàálù ní ADS-B ti mú gíga 18,000 ẹsẹ̀ sókè láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2023, ó sì mú 12,500 sókè láti ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2024. Bí ẹ ò bá ní fò tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ má tíì náwó. Ṣùgbọ́n bí NACp bá ń já sí 0 nígbà tí bàálù bá tẹ̀ láti yí, ẹ má kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tuntun o: ẹ yẹ okùn éríálì GPS àti ẹnu ibi tí wọ́n ti so ó wò ná.