Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló gbá ọkọ̀ òfurufú ọmọ mi kúrò lójú ọ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú dá wa ọkọ̀ òfurufú kékeré Cessna 172, afẹ́fẹ́ sì gbá a wọ koríko bó ṣe balẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà kán, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe ọmọ. Ṣé kí n fa ọmọ náà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́? Bàbá kan, Alágbàká, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, bàbá. Ẹ má tíì fà á kúrò.

Àwọn atukọ̀ Ìlàjẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹni tó fẹ́ sọdá omi tó ń ṣàn kì í dojú ọkọ̀ kọ èbúté gan-an, ńṣe ló ń dorí rẹ̀ kọ ìṣàn omi díẹ̀, kí omi má baà gbé e kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ òfurufú ṣe ń yí imú ọkọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Àmọ́ taya kò gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kanlẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti kù díẹ̀ kó balẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ darí ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìrù kí imú lè tọ́, yóò sì rẹ ìyẹ́ tó wà níhà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí taya ìhà yẹn lè kọ́kọ́ kanlẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn èyí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe jù: ó rò pé iṣẹ́ ti parí, ó dẹ ọwọ́, afẹ́fẹ́ sì ti ìrù ọkọ̀ títí imú fi yí. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ koríko bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ṣe pàtàkì bí agbára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ 20 knot (knot kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì ní wákàtí kan) tó fi ìwọ̀n igun 30 yà sí ojú ọ̀nà ń ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú 10 knot péré. Bó bá dábùú rẹ̀, gbogbo 20 náà ni. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ Àkúrẹ́ wa níbí na láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sí àríwá-ìlà-oòrùn, ó sì bá afẹ́fẹ́ òjò àti ti ọyẹ́ mu, àfi ìjì tó bá já láti ìlà-oòrùn. Ìwé Cessna 172 dárúkọ 15 knot fún afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n olùkọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí tó kéré sí i.

Ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kó má kọjá, àti bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ṣe rí. Ẹ bi ọmọ pẹ̀lú ìdí tí kò fi tún gbéra padà sókè nígbà tó rí i pé imú kò tọ́, torí kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ iye ìgbà tí òun àti olùkọ́ ti jọ balẹ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fún un.