Bíréèkì Mustang tó rì lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́

Ìbéèrè láti Ọ̀fà

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ọ̀fà ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo ra Mustang GT 2016, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Rímù 18 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, táyà tó bá wá náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mò ń bọ̀ láti Òmù-Àrán, mo sì ń sáré díẹ̀. Mo tẹ bíréèkì nítorí tírélà, ó mú. Mo tún sáré, mo tẹ̀ ẹ́ nítorí màlúù, ó mú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí mo ṣe ń sún mọ́ Ajàṣẹ́-Ìpo, pẹ́dà rì dé ilẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, èéfín ń rú ní ẹsẹ̀ iwájú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ní kí n lọ ra kálípà Brembo oní-písítìnì mẹ́fà àti dísíìkì ńlá, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Mo ti tu owó jọ. Ṣé kí n rà á?
*Ẹlẹ́sẹ̀-Yíyá, Ọ̀fà*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo kọ lẹ́tà yìí, tí kì í ṣe pé ẹbí rẹ ló ń ròyìn rẹ fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó mú bírò. Má tíì fi owó yẹn ra nǹkan kan.

Wo ohun tí o kọ. Bíréèkì tó bá kéré ju ọkọ̀ lọ, láti ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò ti hàn. Tìrẹ mú, ó tún mú, ó mú lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ooru ló ṣẹ́gun rẹ̀.

Bí o bá tẹ pẹ́dà, ọ́ìlì ló ń ti písítìnì inú kálípà, písítìnì á sì fi páàdì fún dísíìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Bíréèkì kì í jẹ eré mì, ó ń sọ eré di ooru ni. Mustang tìrẹ wúwo tó kílò 1,680, láìka ìwọ tó jókòó sínú rẹ̀. Bí ó bá ń lọ ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, tí o sì tẹ bíréèkì títí ó fi dúró pátápátá, ooru tó wọ inú dísíìkì àti páàdì tó èyí tí yóò mú omi tútù lítà 2 hó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni o! Bí o bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ooru kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ní 200, omi lítà 8 nìyẹn. O wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, dísíìkì kò sì ráyè tutù láàárín ọ̀kan sí ìkejì.

Nǹkan méjì ni ooru yìí lè bà jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò sì sọ èyí tó jẹ́ fún ọ. Bí pẹ́dà bá le koko, tí o tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, páàdì ló gbóná kọjá agbára rẹ̀. Bí pẹ́dà bá rì, ọ́ìlì bíréèkì ló hó. Tìrẹ rì.

Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ inú àwo ṣe máa ń rin nígbà òjò. DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti fa omi tó, ó lè máa hó ní 155. DOT 3 kéré sí i: 205 fún tuntun, 140 fún èyí tó ti fa omi. Bí ó bá ti hó, ó di oru gbígbóná àti ìfófòó nínú páìpù, ìfófòó yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ ń fún pọ̀, agbára kò wá dé ọ̀dọ̀ písítìnì mọ́. Ọkọ̀ 2016, tó ti gun ọkọ̀ ojú omi, tó ti dúró ní èbúté, tó ti jẹ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn Ọ̀fà! Bí o kò bá rántí ọjọ́ tí o pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn, a jẹ́ pé o kò pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi náà ti jìyà ọ̀ràn yìí. Nígbà tí mo ṣì ń gun 504, mo ra ọ́ìlì bíréèkì nínú ike tí wọ́n ti ṣí, torí pé wọ́n dín owó rẹ̀ fún àwa mẹkáníìkì. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí pẹ́dà fi lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní Geri Alimi, Ìlọrin, lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà. Jíà kìíní àti hándìbíréèkì ni mo fi ń jà, mo ṣì kan ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọmọbìnrin mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, wà lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ́ìlì bíréèkì tí èdìdì rẹ̀ bá ti já kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Nítorí náà, fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe inú rọ́bà òkè tí a ń da ọ́ìlì sí nìkan. Èyí tó wà nínú kálípà ló ń gbóná jù. Da DOT 4 tuntun sí i, máa fà á títí tí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́ lójú bí oyin. Lẹ́yìn ọdún méjì-méjì, tún un ṣe, bí o bá gun ọkọ̀ tàbí o kò gùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú páàdì iwájú wò. Pẹ̀lú èéfín tí o rí, ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ ti máa dán bí dígí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀ sí páàdì ojú títì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ eléré. Má ra ti pápá ìdíje o, ẹni yòówù tó bá fẹ́ tà á fún ọ. Páàdì ìdíje kì í mú dáadáa àfi tó bá gbóná, ìwọ sì lè fẹ́ bíréèkì ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọyẹ́, kí o tó dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Yẹ dísíìkì náà wò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì bóyá ó ti sán.

Mo fẹ́ kí o fetí sí èyí tó kàn, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́. Bàbá ìyá mi máa ń sin ẹṣin níbí ní Ìlọrin. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Iléyá, ẹlẹ́ṣin kan ń sáré bọ̀ lórí títì ọ̀dà lọ́nà ààfin, òjò sì ti rọ̀. Ó fa ìjánu. Ìjánu náà lágbára, ẹnu ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ẹṣin náà sì dúró, ṣùgbọ́n pátákò rẹ̀ kò dúró. Ó yọ̀ lọ títí ó fi ṣubú lé ẹ̀gbẹ́. Bàbá mi àgbà ò sọ̀rọ̀ nípa ìjánu rárá, ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà sókè, ó ń wo irin abẹ́ pátákò. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo kà pé táyà tó bá ọkọ̀ rẹ wá ṣì wà níbẹ̀.

Táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bíréèkì kàn ń dá rímù dúró ni. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí àmì tó fi DOT bẹ̀rẹ̀ (kì í ṣe DOT ti ọ́ìlì o). Bí ó bá jẹ́ 2915, ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti dàgbà báyìí ti le, ojú rẹ̀ ì báà ṣì ga. Wá ibi tó gbòòrò tí kò sí èèyàn, sáré dé 60, kí o tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tán. Bí pẹ́dà bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ABS ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dì pa tí o bá tẹ bíréèkì le. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bíréèkì tí o ní ti lágbára ju ohun tí táyà lè dì mú. Bí o bá wá fi kálípà písítìnì mẹ́fà sí i, ọkọ̀ náà kò ní tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́. Táyà tuntun mẹ́rin ni yóò mú un tètè dúró.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Brembo kàn. N kò bá ọ jiyàn pé ó dára. Láti 1961 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà nítòsí Bergamo ní Ítálì, Ford fúnra rẹ̀ sì lo kálípà wọn, oní-písítìnì 6 pẹ̀lú dísíìkì mílímítà 380, sórí irú Mustang rẹ tó bá ní Performance Pack, ìyẹn àkójọ ohun èlò eléré tí Ford fi kún un. Tìrẹ, písítìnì 4 àti dísíìkì 352 ló bá wá. Èrè dísíìkì ńlá ni pé irin rẹ̀ pọ̀, ó lè gba ooru púpọ̀ mọ́ra, ó sì ní ojú tí afẹ́fẹ́ yóò gbà tù ú. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ ní pápá, tó ń tẹ bíréèkì láti 200 lẹ́ẹ̀kan sí ìkejì, nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n 380 kò ní wọ abẹ́ rímù 18 rẹ yẹn. Wàá ra rímù 19, wàá ra táyà tó bá a mu, wàá sì ti ná owó méjì. Bí o bá tilẹ̀ máa rà á, èyí tí Ford lò ni kí o rà. Ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò wọn písítìnì rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ rẹ lè kó gbogbo iṣẹ́ lé ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa wò ó.

Sì ṣọ́ ẹni tí yóò bá ọ dè é. Wọ́n gbé ọkọ̀ eléré kan wá bá mi ní Gáà Akanbí, kálípà ńlá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i níbòmíràn. Ike ọ́ìlì márùn-ún ni wọ́n ti fi bulíìdì rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè jáde, pẹ́dà ṣì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Mo wo abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àyà mi já. Wọ́n ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún. Nípù tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde wá dojú kọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè ni í lọ, kì í lọ sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà ti fi í gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láti Ìdòfìàn. Nítorí náà, kí ojú rẹ rí i pé nípù wà lókè. Kí o sì mọ̀ pé dísíìkì tí abala inú rẹ̀ bá tẹ̀ kọ́rọ́ ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì: orí abala yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣe sí ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí, kó lè máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde.

Tí páàdì bá ti wọlé, má sáré kankan lọ́jọ́ náà. Lọ sójú ọ̀nà ní àárọ̀ kùtùkùtù, sá dé 80, tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé bíi 15, má jẹ́ kó dúró. Ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí o wá máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró kó tutù. Bí o bá dúró tí o di bíréèkì mú nígbà tó gbóná, ojú páàdì lè lẹ̀ mọ́ ibì kan lára dísíìkì, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n bí o bá tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára owó rẹ, fi í pamọ́ fún ọ́ìlì ọdún méjì sí i. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí o bá ti ṣe ọ́ìlì, páàdì àti táyà. Mo fẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè láti Òmù-Àrán

Ọmọ mi ọkùnrin ra ìdérí pupa kan tí wọ́n kọ Brembo sí lára, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kálípà Corolla mi, ó ní kó lè rẹwà. Ṣé kò léwu?
*Ìyá Olùkọ́*

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó yọ ọ́. Ìdérí yẹn kò fi agbára kankan kún bíréèkì, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tu kálípà lára. Bí gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ bá jó, ó lè já wọ àárín rímù àti kálípà nígbà tí ẹ bá ń lọ. Bí ó bá fẹ́ àwọ̀ pupa dandan, kí ó fọ kálípà náà mọ́, kí ó kùn ún ní ọ̀dà tó ń gba ooru, kó má jẹ́ kí ọ̀dà kan dísíìkì, páàdì tàbí rọ́bà písítìnì.

Ìbéèrè láti Tańkẹ́, Ìlọrin

Ọ̀gá, wọ́n ní DOT 5 ga ju DOT 4 lọ. Ṣé mo lè dà á lé èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi?

Ìdáhùn

Rárá o. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe DOT 5. Kò bá DOT 3 àti DOT 4 pò, kò sì yẹ ọkọ̀ tó ní ABS. Èyí tí o lè lò ni DOT 5.1, tó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú DOT 4: 260 fún tuntun, 180 fún èyí tó ti fa omi. Ka ara ike náà dáadáa kí o tó sanwó, nítorí .1 yẹn kéré lójú. Bí o bá ti da DOT 5 sí i, má ṣe tan ẹ́ńjìnì. Pe ẹni tí yóò fà á jáde níbi tí ọkọ̀ wà.