Áàpù tó ń bá lọ́yà ka ọjọ́: ibi tí ìṣirò ti ń ṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, nítòsí LAUTECH. Mo ṣe áàpù tó ń rán lọ́yà létí ìgbà tí àkókò tí òfin fún un máa parí. Lọ́yà mẹ́rin ló yìn ín, síbẹ̀ dáyárì ni wọ́n ṣì ń lò. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ó sì tọ́ kó bà wọ́n. Tí áàpù bá ṣi ọjọ́ kan kà, ẹ̀tọ́ oníbàárà lè bọ́, lọ́yà ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi.

Ẹ wo ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Abala 24 nínú Court of Appeal Act fún èèyàn ní oṣù 3 lórí ìdájọ́ àṣekágbá tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ká ní Fúráìdè, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2025, ni adájọ́ dá a. A kì í ka ọjọ́ ìdájọ́ mọ́ ọn. Tí kóòdù yín bá sọ oṣù 3 di ọjọ́ 90, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ló máa gbé jáde, ìyẹn ọlidé. Ọjọ́ 14 ló tọ́. Àmọ́ Sátidé ni ọjọ́ 14 yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: abala 15 nínú Interpretation Act, òfin tó ń sọ bí a ṣe ń túmọ̀ òfin, Sọ́ńdè àti ọlidé ìjọba nìkan ló pè ní ọjọ́ ìsinmi. Kò dárúkọ Sátidé rárá, bẹ́ẹ̀ rẹ́jísìrì kóòtù, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹjọ́, kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Áàpù tó bá sún un sí Mọ́ńdè ti ti lọ́yà sí kòtò. Fúráìdè ọjọ́ 13 ni kó pariwo.

Torí náà, ẹ má fi ọjọ́ nìkan hàn án. Ẹ kọ abala òfin, ọjọ́ tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ àti ọlidé tí ẹ fò, kó lè fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má kan ọlidé mọ́ inú kóòdù: oṣù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kéde Ìtùnú àwẹ̀ àti Iléyá. Kóòtù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ fi wọ́n sínú àtẹ dátà tí ẹ lè tún ṣe, kí lọ́yà kan máa yẹ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wò.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà ńbẹ̀. Abala 192 nínú Evidence Act 2011 dáàbò bo ohun tí oníbàárà bá lọ́yà rẹ̀ sọ, Nigeria Data Protection Act 2023, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, sì kan ẹ̀yin náà. Ẹ má gba orúkọ oníbàárà rárá. Nọ́ńbà ẹjọ́ tó. Tẹ́ẹ bá fi SMS ránṣẹ́, ẹ rántí pé orí tábìlì ni fóònù sábà máa ń wà, níṣojú oníbàárà mìíràn.

Kẹ́ ẹ tó tún gbé e lọ, ẹ bẹ akọ̀wé lọ́yà kan kó fọwọ́ ṣírò fáìlì 10 tó ti parí, kẹ́ ẹ fi wé ti áàpù. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ má tíì tà á.