Kí ló dé tí òjìji ẹ̀ka kan fi ń fa iná sólà sẹ́yìn?

Ẹ ní òjìji ẹ̀ka máńgòrò ń bo igun páńẹ́lì kan nínú méjì yín ní Kétu, iná sì ń já wálẹ̀ gan-an. Ṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú páńẹ́lì (àwọn ègé tó ń sọ oòrùn di iná) tò tẹ̀lé ara wọn bí ọ̀pá omi: ibi tó bá fún ló ń dín gbogbo rẹ̀ kù. Ewé gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì pàápàá ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀ka náà. Bí kò bá ṣeé gé, tí fólítéèjì páńẹ́lì kan sì tó bátìrì yín, ẹ so pọ́sítíìfù páńẹ́lì kan mọ́ pọ́sítíìfù ìkejì, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù. Èyí tó wà nínú oòrùn á máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹ lo wáyà tó nípọn.